Ohùn Mẹ́ta Lójúmọ́

Òjò ọdún méjì ti rọ̀ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ àwa sẹmijan, tí ń fi alùpùpù gbé èrò ní Àjàṣẹ́, ẹ máa ń bi mí léèrè ìdí tí ìkànnì ẹgbẹ́ wa kì í fi í sọ̀rọ̀ nígbà tí alùpùpù bá ń rìn. Ẹni tó yẹ kí ẹ bi lẹ bi. Èmi ni mo kọ́kọ́ pa ìkànnì náà, èmi náà ni mo jí i dìde.

Kíláàsì kẹta ni mo dé nílé ìwé, mi ò sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé ẹgbẹ́ wa kúrò ní ibùdó tó wà ní àdúgbò Houinmè, tí a dáṣẹ́ sílẹ̀, ta ló dúró níwájú ọ̀gá ìjọba tó ń da Faransé bolẹ̀ bí òjò? Èmi ni! Èdè Gùn ni mo fi dá a lóhùn títí ó fi rẹ́rìn-ín, ó sì fi ibùdó sílẹ̀ fún wa. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé.

Nítorí náà, nígbà tí a dá ìkànnì àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú fóònù, tí èèyàn lè fi ohùn ránṣẹ́ láì kọ̀wé, ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣe é fún. Mo ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo iye ẹni tó gbọ́ mi. Bí iye náà bá kéré, inú mi a bàjẹ́, màá tún sọ òmíràn.

Súlè, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ní àdúgbò Tokpota, sẹmijan bíi tèmi, kò fẹ́ràn rẹ̀. Mọ́díínà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, wá ṣe ìkànnì mìíràn fún wa. Ó pè wá sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí i hàn wá.

"Bàbá Ràṣídì, ohùn mẹ́ta lẹ ní lójúmọ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ti àwọn yòókù tán, yóò sọ fún yín pé ó tán. Bí alùpùpù bá ń rìn, yóò pa ẹnu mọ́ títí ẹ ó fi dúró."

"Iye ẹni tó gbọ́ mi ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́ kúrò, Bàbá. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ lè gbé fóònù sílẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí fẹ́ máa fi kóńgò wọn ọ̀rọ̀ fún mi bí gàrí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Súlè, ẹni tó máa ń fi oríkì pè mí. "Àkànbí, ẹnu rẹ dùn, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n etí tí a fi ń gbọ́ ẹ náà la fi ń gbọ́ fèrè ọkọ̀."

"Yọ etí tìẹ sílé nígbà náà!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. A ní ká dìbò.

Mo mọ̀ pé àwọn sẹmijan ibùdó Houinmè pọ̀ jù wá lọ, ti Súlè ni wọ́n sì ń ṣe, nítorí ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń gbé. Èmi agbẹnusọ ni mo ń yan àkókò ìpàdé. Ọ̀sán gangan ni mo fi ìbò sí, wákàtí tí iléèwé ń jáde. Ta ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ sínú oòrùn lẹ́nu géètì kó wá nawọ́ sókè?

Súlè dé, ó wò yí ká. "Àwọn èèyàn wa dà?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ á wá."

"Àkànbí, o mọ ibi tí wọ́n wà."

A nawọ́, a sì da ìkànnì ọmọ náà nù. Wọ́n gbé mi sí èjìká.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Súlè ń bọ̀ lọ́nà ọ̀sà láìgbé èrò, fóònù rẹ̀ wà lára ọwọ́ alùpùpù. Ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Àwọn tó rí i ní awakọ̀ fun fèrè, ó tún un fun, kí ọkọ̀ tó gbá Súlè. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ọ̀rẹ́ mi. Fóònù rẹ̀ wà nílẹ̀, dígí ojú fóònù ti fọ́, ohùn mi ń jáde nínú rẹ̀, mo ń ròyìn bí mo ṣe borí. Ó parí ọ̀kan, ó sì fúnra rẹ̀ bọ́ sórí èyí tó kàn. Èmi náà ni.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀ yìí tí kò lè dákẹ́?" Obìnrin kan ló bi wá.

Mo gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, dígí tó fọ́ gé mi lọ́wọ́, kò dákẹ́. 

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo pe ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọwọ́ gbogbo wa dilẹ̀. Mo ní, "Mo jí ìbò yẹn." Kò sí ọwọ́ tí kò nà sókè fún ìkànnì Mọ́díínà lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà dìde, kò pariwo.

"Bàbá Ràṣídì, kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí nígbà tí bàbá mi lè gbọ́?"

Èmi tí mo dá ọ̀gá lóhùn, iye ọwọ́ tó nà sókè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

A jèrè o. Àwọn sẹmijan ìlú mìíràn ti wá wo ìkànnì wa, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí èmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín tán, ẹ ń fi fóònù sápò, ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Èyí tí mo jù sílẹ̀ kò ṣe é kó. Mọ́díínà ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Kì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ohùn mẹ́ta ni mo ní lójúmọ́. Mo ń fi ọ̀kan sọ bí ọ̀nà ṣe rí, mo ń fi ọ̀kan kí yín. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ìkànnì a sọ fún mi pé ó ku ẹyọ kan. Màá gbé fóònù sẹ́nu, màá mí sí i díẹ̀, màá sì dá a padà sápò láìfi ránṣẹ́.