Ọkùnrin Tí Kò Sọ Pé "Á Gba Ibi Ire"

Kékeré ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ẹni tí a sọ fún pé "Ẹ wá jẹun" tó sì wá jẹun lóòótọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe rí láyé ọjọ́un. Èèyàn kì í bá ọ lórí oúnjẹ kí o má pè é, ẹni tí o pè kì í sì í jókòó. Yóò ní, "Á gba ibi ire o," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ti jẹ àbàrá rí nítorí pé ẹja kún ẹnu mi nígbà tí ìyá oníkẹrosíìnì ń kọjá, n kò sì ráyè pè é.

Nílùú wa, Ìtàjí, ọkùnrin kan ń sùn nígbà náà lábẹ́ àtíbàbà àwọn ọlọ́kadà. Àpò ráísì kan ló máa ń gbé kọ́ apá, bàtà rẹ̀ kò bára mu: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bọ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní wèrè ni. Màámi ní kí a má sún mọ́ ọn, pé bí gbọ́mọgbọ́mọ ṣe máa ń múra nìyẹn. Ní tèmi, ohun tó wà nínú àpò yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Iwájú rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló yá jù.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti Bọ́sẹ̀ ń jẹ iyán àti ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iyán náà ṣì gbóná débi pé à ń fẹ́ ìka wa. Ni ọkùnrin yìí bá ń kọjá, ojú èmi àti rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin. Kí n tó ronú, ó ti bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹ wá jẹun, sà!"

Ó dúró. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "O ṣeun," ó sì jókòó sórí pèpéle.

"Háà! Ó mà ti jókòó o!" Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo pè é, tìẹ ni yóò jẹ."

Màámi jáde láti ilé ìdáná tòun ti ọmọ odó. Bí ó bá lé e, èmi ni mo pè é wá gba ìtìjú yẹn.

"Ta ló pè yín, bàbá?"

"Ọmọ yín ni." Ó wo àwo mi, ó rọra sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Uyán."

Bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Ilé ìwé ni a ti ń pè é ní iyán. Màámi sọ ọmọ odó náà kalẹ̀ díẹ̀.

"Ulé yín ńkọ́?" ni ó bi í.

Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀. Títì ló ń wò. Màámi kò tún bèèrè mọ́. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, yé rẹ́rìn-ín. Bu omi wá kí bàbá fọwọ́. Iyán tèmi ni kí o gbé fún wọn."

Bàbá náà ń jẹun, Màámi dúró sáàárín àwa àti òun, kò sì fi ọmọ odó sílẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ṣan àwo náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á bù sí i." Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, àtíbàbà ti ṣófo. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì mọ ohun tó wà nínú àpò náà títí di òní.

Nísinsìnyí, yàrá inú ni èmi àtàwọn ọmọ mi ti ń jẹun, ilẹ̀kùn á sì ti wà ní títì. Ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Síbẹ̀, mo ń kọ́ wọn láti máa pe ẹni tó bá bá wọn lórí oúnjẹ. Láìpẹ́ yìí ni àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Mọ́mì, bí ẹni tí mo pè bá wá jókòó ńkọ́?"

Mo rò ó títí. Mo ní, "Kí o kọ́kọ́ pè mí kí o tó pè é."