Àmì Áyọ́ọ̀nù Nínú Fọ́tò

Oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n ti fi páànù yí igun kan ká nínú ọgbà ìgbafẹ́ yẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páànù pé ẹ̀rọ eré tuntun ń bọ̀, wọn ò sì sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyọnu! Àwọn olólùfẹ́ ọgbà dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù, ìméfò bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa sáré nínú òkùnkùn ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Ìwádìí gun òrùlé onílé lọ ka òpó irin tó yọ orí lókè páànù, ó ní mẹ́rìnlá ni, ó sì búra pé ẹṣin onírin tó ń yí po ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Télọ̀ ń ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. Òun lobìnrin tó ń rán awọ bo àga gbogbo ẹ̀rọ inú ọgbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gúrúùpù. Mo-Gbọ́-Mo-Mọ̀ ló ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó sì mọ̀ lóòótọ́. Ẹyẹ ni. Èèyàn yóò dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀yìn ẹyẹ, yóò na apá méjèèjì, ẹyẹ yóò sì gbé e fò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rán awọ ẹyẹ àkọ́kọ́, awọ búlúù tó fi òwú funfun ya ìyẹ́ sí lára, ó sì dára débi pé ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Ká ní ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, “Ó lè jẹ́ ẹyẹ o.”

“Ẹyẹ kẹ̀?” Ọ̀gá Ìwádìí fèsì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi.”

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló rẹ́rìn-ín sí i. Háà, ó dun Télọ̀ dé egungun! Nǹkan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ẹni tó ń gun òrùlé kiri ló ń ní kó lọ sinmi.

Òfin wọn níbi iṣẹ́ ni pé kí oníkálukú fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ gáàdì ní géètì. Lọ́jọ́ kejì, Télọ̀ fún gáàdì ní fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ó ti fi èyí tó ń ya fọ́tò pamọ́ sábẹ́ abọ́ oúnjẹ nínú báàgì. Ó tẹ́ awọ sórí tábìlì rẹ̀, ó yà á, ó sì kó awọ lọ fún Bàbá Sítọ̀, tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù, kó tì í mọ́lé. Ó fi odidi ọjọ́ kan dúró kó tó gbé fọ́tò náà síta. Gúrúùpù dàrú. Ọ̀gá Ìwádìí pàápàá pè é ní “ẹ̀gbọ́n mi àtàtà.” Inú Télọ̀ dùn fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Máníjà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti tẹ fọ́tò náà sórí ìwé ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

“Inú sítọ̀ ni awọ yìí wà nígbà tí fọ́tò jáde,” ó ní. “Nínú gbogbo wa, ta ló láṣẹ láti mú fóònù wọlé?”

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Sítọ̀. Òun nìkan ni wọ́n gbà láyè, nítorí òun ló ń pe àwọn tó ń kó ọjà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀, oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri, ó wo fọ́tò náà títí. Ó yọ awò ojú.

“Èmi kọ́ o,” ó ní.

“Ẹ máa lọ sílé ná, bàbá,” ni máníjà wí. “Tí a ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn títí ọjọ́ Ẹtì, mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀.”

Télọ̀ dúró sẹ́yìn níbẹ̀. Bàbá yìí ló mú un wọ ibi iṣẹ́, òun ló ń pè é ní ọmọ mi. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo bàbá bó ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Nínú gúrúùpù, wọ́n ti fi ẹyẹ sílẹ̀. Àmì dúdú kan tó wà nígun fọ́tò ni wọ́n gbé dání, tó fẹ̀ nídìí, tó ṣe ṣóńṣó lórí.

“Òkè oníná nìyẹn!” ni Ọ̀gá Ìwádìí ń pariwo. “Ẹyẹ yóò gba inú òkè oníná kọjá! Ẹ̀yin ẹ wò ó dáadáa!”

Télọ̀ fa fọ́tò náà tóbi. Àmì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná kalẹ̀ síbẹ̀, ó lọ ń tàkúrọ̀sọ, tábìlì ń jó. Bàbá Sítọ̀ ló sáré da yanrìn sí i. Nígbà tí máníjà dé, bàbá ní òun lòun ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì òun. Kò sí ẹni tó mọ àmì yẹn tó bàbá. Ó ti rí i nínú fọ́tò ara ògiri. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́!

Ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, “Àmì áyọ́ọ̀nù lásán ni.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ lẹ mọ̀,” ni Ọ̀gá Ìwádìí fèsì. “Ẹ fi òkè sílẹ̀ fún wa.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Télọ̀ bẹ máníjà pé kó tẹ̀ lé òun wá sí yàrá ìránṣọ. Ó ká aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé àmì náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

“Èmi ni mo ya fọ́tò, ọ̀gá. Èmi náà ni mo jó tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Nítorí mi ni bàbá ṣe parọ́.”

Máníjà nawọ́ sí ilẹ̀kùn. “Kó ẹrù ẹ,” ó ní. Ojú rẹ̀ ló ṣe pe Bàbá Sítọ̀ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní géètì ni Télọ̀ àti bàbá ti pàdé. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ni bàbá wọ̀. Télọ̀ kúnlẹ̀ gbì, tòun ti báàgì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ mọ̀ pé èmi ni, ẹ sì tún bò mí láṣìírí.”

“Ta ní sọ fún ẹ pé mo bò ẹ́ láṣìírí?” Ohùn bàbá kò lọ sókè rárá. “Lọ́jọ́ tí mo mú ẹ wá, wọ́n ní kò sáyè. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní mo mọ̀ ẹ́ tinú tòde. Kí ni mo fẹ́ wá sọ níwájú gbogbo wọn? Ojú ló tì mí.”

Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, Télọ̀ rò pé òun nìkan ni ojú ń tì.

“Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá,” ni bàbá wí. “Ìyá yín nílé ò tíì mọ ẹni tó ya fọ́tò náà. Má tíì wá sílé ná.”

Ó dìde. Gáàdì ti ń sáré bọ̀, ó na fóònù onítọ́ọ̀ṣì sí i. “Àǹtí, ẹ fẹ́ gbàgbé fóònù yín.”

Bàbá Sítọ̀ wo fóònù kékeré náà, ó wo báàgì Télọ̀, ó sì wọlé lọ.