Bí Sọ́séèjì Ṣe Sọ Mí Di Ẹni Tí Wọ́n Forí Jì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Sókótó níbí nítorí sọ́séèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, sọ́séèjì! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ọmọ Ìlọrin ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Sókótó, Arkilla là ń gbé. Mo máa ń ṣe ìpápánu tà: mítí páì, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ra sọ́séèjì inú páálí ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo dín in, mo tọ́ ọ wò. Háàbà! Àfi bíi pé mò ń jẹ fóòmù tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀. Mo ní nínú ìlú tí ẹran pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí mi ò lè fọwọ́ ara mi ṣe é?

Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Ìyá Sídíkà, aládùúgbò mi tí mo kà sí ọmọ ìyá mi, ló bá mi lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Kofar Rini. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn o! Ojú àwa méjèèjì ni wọ́n ṣe pa àgùntàn náà pẹ̀lú bisimilá, ojú wa náà ni wọ́n ṣe fa ìfun rẹ̀ jáde. Ìfun yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe awọ sọ́séèjì.

Ẹ wá wo iṣẹ́! A yí inú ìfun náà síta, a fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á títí ó fi mọ́. Ìyá Sídíkà fi ìborùn dí imú, ó ń bú mi pé kí ló dé tí mi ò kúkú fi ìfun yìí se ọbẹ̀ jẹ. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Oríṣi mẹ́ta ni mo ṣe. Ti màlúù, aáyù àti atalẹ̀ ni mo fi sí i. Ti àgùntàn, yájì táwọn onísúyà ń lò ni. Ẹ̀kẹta ni ti ràkúnmí. Mo fi irú díẹ̀ àti ata rodo sí i, mo sì lọ ọ̀rá àgùntàn mọ́ ọn, torí ẹran ràkúnmí máa ń gbẹ. Ọrùn ike omi tí mo gé ni mo fi ń ti ẹran sínú ìfun. Àwọn tí mo kọ́kọ́ gbé ka iná èédú, gbogbo wọn ló bẹ́! Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé omi gbígbóná tí kò tíì hó lèèyàn máa kọ́kọ́ fi sè é jẹ́ẹ́jẹ́ kó tó kan iná.

Ti màlúù dùn, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu. Ti àgùntàn ta lẹ́nu dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ràkúnmí! Irú yẹn ti wọ inú ẹran náà, èéfín èédú sì bá a mu. Mo gé e sínú ọbẹ̀ ata, a fi jẹ ìrẹsì, Ìyá Sídíkà fẹ́rẹ̀ẹ́ lá àwo. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé e lọ sí àsàlátù, ìpàdé àdúrà ẹgbẹ́ àwa obìnrin Yorùbá níbí, torí Alhaja, ìyá ẹgbẹ́ wa, ń wá ẹni tó máa ṣe ìpápánu wòlímà ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo Yorùbá ìlú yìí ló máa wá síbẹ̀. Tí mo bá rí iṣẹ́ yẹn gbà, orúkọ mi ti jáde nìyẹn.

Bí mo ṣe gbé kúlà mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Alhaja ní Minanata nìyẹn. Lẹ́yìn àdúrà, mo pín in ká. Ṣé ẹ rí àwọn obìnrin yẹn? Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bèèrè pé ṣé ó kù! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó.

Alhaja mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ díẹ̀, ó ní, "Ìyá Àmínà, kí lo pe èyí?"

Mo fi ẹ̀rín dáhùn pé, "Sọ́séèjì ni, mà. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun tó wà lókè òkun ti kìlọ̀ fún òun pé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kíá ni "Subhanallahi!" gba ẹnu gbogbo ilé. Ẹnì kan ti ń wá omi tó máa fi yọ ẹnu.

Mo ní, "Rárá o, mà! Ìfun àgùntàn ni, wàláhì! Ìyá Sídíkà wà níbẹ̀, ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Sídíkà. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí ń wo ẹní tó jókòó lé. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan ti ń kùn pé mò ń bá àgbàlagbà jiyàn nínú ilé rẹ̀. Ìgbà tó máa ṣe nǹkan kan, ńṣe ló rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n ṣáà kúnlẹ̀ bẹ Alhaja kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Ẹ ò rí i pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn? Bí àgbà bá ti bínú, o ti jẹ̀bi, bẹ̀ ẹ́ ná. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ forí jì mí."

Alhaja gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní òun ti forí jì mí, kí Ọlọ́hun náà forí jì mí, kí n má dán irú ẹ̀ wò mọ́. Gbogbo wọn ṣe "Àmín." Ibẹ̀ ló ti yé mi pé mo ti fi ẹnu ara mi da ara mi lẹ́bi.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá gbé oúnjẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ń gbé e bọ̀. Àwọn tó ń ra mítí páì mi tẹ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn. Ìyá Sídíkà wá bá mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun já Alhaja nírọ́ ní gbangba ni? Pé òun máa sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Kò tíì sọ ọ́ dòní.

Mo lọ fúnra mi. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Alhaja, pé ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ ilé mi rí. Ìyá náà ò bínú rárá, ó tiẹ̀ fún mi ní omi mu. Ó ní, "Ọmọ mi, bí kì í bá ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kí lo wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí fún?"

Mo mu omi, mo dìde, mo lọ sílé, mo sì sunkún kíkorò.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: mo ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, mi ò ní yé kí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí mi ò ṣe, kí ilé ṣáà lè tòrò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti forí jì yín rí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ò dá? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Mo mọ̀ pé Ìyá Sídíkà máa ń ka ojú ìwé yìí. Àyè wà fún òun náà láti sọ̀rọ̀.