Bàtà Màmá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì ní Spéìn

Ọjọ́ tí wọ́n lé màmá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run nítorí pé ó bọ́ bàtà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Láti Goresbrook, àdúgbò wa ní Dagenham nílùú ọba, la ti lọ lo ìsinmi ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Spéìn. Àwọn ilé ibẹ̀ funfun bíi sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì wa, igi ọsàn sì wà lójú títì. Afinimọ̀nà wa mú wa dé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ó ní mọ́ṣáláṣí ni tẹ́lẹ̀ rí, kí àwọn ọba onígbàgbọ́ tó fogun gbà á.

Aládùúrà ni màmá mi. Ó bọ́ bàtà kó tó wọlé, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dagenham. Ni olùṣọ́ bá pariwo mọ́ ọn. Afinimọ̀nà túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ibí kì í ṣe etí òkun. Ẹ wọ bàtà tàbí kí ẹ jáde."

Ara mi gbóná! Òyìnbó kan ń lá áísìkiriìmù wọlé lójú wa, kò sẹ́ni tó bá a wí. Mo sọ fún afinimọ̀nà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi í: àwọn tó kọ́ ilé yìí, ṣé wọ́n ń wọ bàtà kírun ni?"

 Afinimọ̀nà kò túmọ̀ ìyẹn.

Màmá kúnlẹ̀ síta, ó gbàdúrà tirẹ̀ tán.

Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Àmọ́ mo máa ń rántí ohun tí màmá sọ bó ṣe ń wọ bàtà padà: "Jẹ́ ká lọ, ọmọ mi. Onílé ti rí mi. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni ò mọ Onílé."