Ọjọ́ Tí Màmá Sọnù Mọ́ Mi Lọ́wọ́ ní Jaisalmer

Ọjọ́ tí Màmá, ìyá bàbá mi, sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ní Jaisalmer, ìlú àtijọ́ kan ní aṣálẹ̀ India, kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Láti Peckham, ní London, ni àwa méjèèjì ti lọ. Òkúta aláwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀, wọ́n sì fín in bí ẹni fín igbá. Ibi tí mo ti ń ya fọ́tò fèrèsé kan ni n kò ti rí Màmá mọ́. Fóònù wọn wà nínú báàgì mi.

Mo sáré bá ọlọ́pàá kan. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bi mí lórúkọ wọn.

“Màmá ni.”

Ó ní orúkọ wọn gan-an ńkọ́? Wọ́n pọ̀n mí dàgbà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Mo ní Peckham la ti wá.

Ni ọlọ́pàá náà bá kígbe, “Màmá Peckham!”

Màmá yọ láti ilé kan, ife tíì lọ́wọ́ wọn. “Ta ló ń pariwo mi káàkiri?”

Ìyá arúgbó tó gbà wọ́n lálejò nínú ilé náà juwọ́ sí wọn: “Bye-bye, Sàlámátù.”

Màmá wò mí. “O ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, ìwọ ló máa sọnù.”