Tíṣà Babátọ́pẹ́ àti Àmín Rẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ Ìsinmi tí Tíṣà Babátọ́pẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, jáde lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyah-Gbẹdẹ. Ó gba makirofóònù, ó ní, "Ẹ yin Olúwa!" Ìjọ ní, "Halelúyà!" Ó ní, "Láti oṣù mẹ́ta, kò dá mi lójú mọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà." Ìjọ tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, "Halelúyà!" Ni akọrin bá gbé orin ọpẹ́, làwọn ìyá bá dìde sí ijó.

"Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?" Ta ló ń gbọ́! Adédùntán, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló gbọ́, ó ti fi ìborùn bojú.

Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní sáyẹ́ǹsì ní Kabba. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Kó tó di ọjọ́ ìjẹ́rìí yẹn, nígbà tí Ayọ̀wálé àbúrò rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ayọ̀wálé kú. Ó dun Tíṣà wọra. Ó ní òun ò ní parọ́ fún Ọlọ́run: òun á máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ohun tó bá dá òun lójú nìkan lòun á ṣe àmín sí.

Yéè, wàhálà dé! Pásítọ̀ Oyèbánjí á ní, "Gbogbo wa la ó tún ríra lọ́dún tó ń bọ̀!" Ìjọ á ní, "Àmín!" Tíṣà á ní, "Ẹ̀rí dà?" Bí Pásítọ̀ bá ní kí Olúwa bù kún oúnjẹ tó wà níwájú wa, Tíṣà á ké, "Àmín! Mo rí ìyẹn." Kò sẹ́ni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àní Sùlèímánì, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Tíṣà, á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà: "Tíṣà, àmín mélòó lónìí?"

"Méjì péré."

Adédùntán ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Fisáyọ̀, ṣé báyìí lẹ fẹ́ kú? Níbo ni mo ti máa rí yín lọ́run?"

Tíṣà ní, "Adùn, èmi náà fẹ́ gbàgbọ́ o. Kò kàn wá ni."

Ọdún yẹn ló já bọ́ lórí igi kajú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, bẹ́ẹ̀ àsìkò ebè kíkọ ti dé. Àárọ̀ Sátidé kan, Màmá Ayọ̀kẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, kó àwọn ará ìjọ dé tọkọ́tọkọ́. "Okun o, Tíṣà!" Ó kí i bí a ti ń kíra níbí. "Oko yín dà?"

"Ẹ dúró ná! Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbọ́?"

"A ti gbọ́. Ṣé iṣu náà ò gbàgbọ́ ni?"

Wọ́n kọ ebè náà fún Sátidé mẹ́rin, Sùlèímánì náà gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá. Nígbà tó di ìkẹrin, Tíṣà ní kí wọ́n fi ọ̀kadà gbé òun lọ wò ó, ó débẹ̀, ó ń bínú pé ìlà kan wọ́. Màmá Ayọ̀kẹ́mi, tó ti sin ọkọ àti ọmọ méjì, ń kọrin lórí ebè. Ojú Tíṣà rọ̀. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ò ṣiyèméjì rí?"

"Háà! Ṣé ọjọ́ kan ni? Ọlọ́run ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin ti sọ tiyín fún gbogbo ìjọ tán, ẹ ò sọ fún Un."

Tíṣà ronú sí i. Ó di ẹsẹ̀ tó kán mú, ó gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run jà: ó bi Í, ó bínú, ó sunkún. Àwọn èèyàn gbé ọkọ́ sílẹ̀. Pásítọ̀, tóun náà wà lóko, fẹ́ lọ pa á lẹ́nu mọ́, Màmá Ayọ̀kẹ́mi dì í mú: "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti pẹ́ tóun àti Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn." Nígbà tó parí, ó ní ara òun fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í gbàdúrà, àwọn aládùúgbò ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló kú. A fẹ́ràn rẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá gan-an. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, Adédùntán di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Adùn, ìbéèrè tí mo ní ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí kò bá dá mi lójú pé Ó wà níbẹ̀, ta ni mo fẹ́ lọ bi?"

Adédùntán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ ṣe.