Àpò Òsì Wà ní Abaji

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ ní Lugbe, l'Abuja, ni òkìkí Bàbá Ṣéhù télọ̀ kàn dé ibi tí kò dé rí. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì, tí í ṣe ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ti wẹ̀, ó ti pa ìpara, ó sì gbé gíní aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Bàbá Ṣéhù bá a rán jáde. Bùbá bá a mu. Agbádá náà bá a mu. Ó wá fa ṣòkòtò wọ̀. Ṣòkòtò dé agbedeméjì ojúgun, ó dúró, ó ní òun ò lọ mọ́.

Wọ́n pe Bàbá Ṣéhù lórí fóònù. Lugbe náà ni bàbá ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wuse ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nítorí náà kò pẹ́ tó fi dé, tòun ti téèpù lọ́rùn.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí ṣòkòtò mi?"

"Ẹ kú oríire o, ọ̀gá. Kí ló ṣe ṣòkòtò?"

"Ẹ ò rí i ni? Ó kúrú!"

"Ó kúrú díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀? Àwọn àna mi á rò pé odò ni mo fẹ́ là kọjá!"

Bàbá Ṣéhù sún sẹ́yìn, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ẹsẹ̀ ọ̀gá láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí bàtà yìí?"

"Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìtálì."

"Kai! Bàtà tó wọ bàlúù wá láti Ìtálì, ẹ wá fẹ́ fi ṣòkòtò bò ó mọ́lẹ̀? Kí ló ṣe yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì wo bàtà. Ó yí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó yí ẹsẹ̀ òsì, ó sì gbé fìlà dé. Kí ayẹyẹ ọjọ́ náà tó parí, èèyàn mẹ́ta nínú àwọn àna ló ti gba nọ́ńbà télọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n fi kúbùsù kan tó ní gíní aláwọ̀ ojú ọ̀run lára wé ọmọ tuntun kan ní Abaji, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Abuja.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Ṣéhù, ó sì ti ń ránṣọ ní ọjà Wuse kí ọ̀pọ̀ àwọn ilé tó wà ní Lugbe báyìí tó ní ìpìlẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan àgékù aṣọ. Ó kọ ọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gàdàgbà, níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè kà á: ÀGÉKÙ TI ỌMỌ TUNTUN NI. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò kàn kọ síbẹ̀ ni bí àgékù náà yóò ṣe tóbi tó.

Ọyẹ́ ọdún kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bàbá Ṣéhù lọ ra iṣu ní Abaji láàárọ̀ kùtù. Níwájú ilé ìwòsàn kékeré kan, ó rí ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ń jáde bọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé ọmọ náà. Bàbá ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn láìwọ ẹ̀wù, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, nítorí òun ló ni ṣẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ṣéhù ṣí fìlà tó wà lórí rẹ̀, ó fi dé ọmọ náà lórí, ó sì gbàgbé iṣu.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, Gàníyátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fuad, ti gbé omi kaná.

"Iṣu dà?"

"Mi ò rà á mọ́. Mo rí ọmọ kan ní Abaji."

Ìyá Fuad sọ ìkòkò kalẹ̀. "Ẹ rí ọmọ kan. Ta ló bí i fún yín?"

Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Ummulkhulthum tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn Abaji náà, ó sì ṣèlérí fún un. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, òun yóò gbé ogójì kúbùsù wá, ọ̀kan kò ní dín. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn. Yóò fi páálí wọn àgékù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, yóò gé e ní igun mẹ́rin, yóò rán ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi fẹ̀ tó ọmọ tuntun, yóò wá fi táwẹ̀lì àtijọ́ sí àárín, yóò sì fi aṣọ òwú tó rọ̀ tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló ń lò. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, yóò ní ẹ̀rọ ò bímọ rí.

Ìyá Fuad náà mọ̀ ọ́n rán. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, àmọ́ ó fi í sílẹ̀, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, torí ó ní télọ̀ méjì kì í gbé inú ilé kan láìjà. Ó búra pé òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ kúbùsù. Nígbà tó di ọdún kejì, òun ló ń rán etí gbogbo wọn. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́, ìránkurán tí ọkọ òun ń rán etí wọn ló ń ti òun lójú.

Ibo wá ni àgékù ogójì kúbùsù yóò ti wá? Ara ṣòkòtò wa ni. Bí oníbàárà bá jẹ́ Mùsùlùmí, Bàbá Ṣéhù á rán an létí pé sùnnà ni kí ṣòkòtò má bo kókósẹ̀. Bó bá jẹ́ Onígbàgbọ́, á ní èyí tó wà lóde nìyẹn. Fún àgbàlagbà, á ní kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ ṣubú. Fún ọ̀dọ́, á ní kí àwọn ọmọge lè rí bí ẹsẹ̀ ṣe rí. Kò sí irọ́ nínú ìkankan. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo òótọ́ náà ló ń gé ṣòkòtò. Ó dé ibi tó jẹ́ pé tí ọkùnrin méjì bá pàdé ní Wuse, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojúgun ara wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ télọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo àgékù ló ń gbà o. Alhaja kan láti Ìlọrin gbé léèsì olówó iyebíye wá nínú àpò ńlá, ó ní òun fi ta àwọn ọmọ náà lọ́rẹ. Bàbá Ṣéhù gbé e sókè síwájú wíńdò, ó fi ojú kan wo ìta láti inú rẹ̀.

"Alhaja, mo ń rí yín kedere."

"Léèsì gidi ni, Bàbá!"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rí yín, ọyẹ́ náà á rí ọmọ."

Ó ká a padà dáadáa, ó dúpẹ́, ó sì fún Alhaja ní omi tútù mu. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Alhaja gbé àǹkárá wá.

Kúbùsù kọ̀ọ̀kan ló ń dán wò kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Á jókòó sábẹ́ fáànù, á ní kí wọ́n tàn án dé òpin, á fi kúbùsù bo àyà. Bó bá sín, kúbùsù yẹn ò yege, wọ́n á tú u. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn Abuja ń yan èèyàn bí àgbàdo, iná lọ ní àárín ìdánwò. Bàbá Ṣéhù kò dìde. Ó ní ìdánwò ò tíì parí. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kúbùsù wà láyà. Mallam tó ń ta bẹ́líìtì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó títí, àánú ṣe é, ó sáré lọ ra àgbo ibà wá.

"Sànnu, Bàbá. Drink am. This fever strong o."

Bàbá Ṣéhù gbà á, ó mu ún tán. Ìyá Fuad bi í pé, "Ṣé ibà ń ṣe yín ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n èèyàn ti náwó sí i."

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ńkọ́? Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Nígbà tó padà wá rán òmíràn, ó ti ní kí télọ̀ mìíràn wọn aṣọ tuntun náà fún òun, wọ́n sì gé e ní ìwọ̀n tó tó gẹ́lẹ́, tí ohunkóhun kò fi ní ṣẹ́ kù. Ó tún dúró ti Bàbá Ṣéhù lórí títí ó fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ dé bàtà. Bàbá Ṣéhù kò jà. Ó rán ṣòkòtò náà, ó gùn dé ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ayọ̀ aṣẹ́gun, títí wọ́n fi ní kí wọ́n mú ọrẹ wá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, kò bá àpò. Ó ti ọwọ́ bọ òsì, kò bá àpò. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa itan ara rẹ̀ lójú ìjọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá! Àpò dà?"

"Ọ̀gá, ẹ fẹ́ràn àpò ni?"

"Ta ni kò fẹ́ràn àpò?"

"Ọmọ tuntun. Kò ní àpò, kò ní ṣòkòtò pàápàá." Ó gbójú sókè. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé ẹ rí i, ọjà náà lèmi àti ẹ̀yin wà yìí."

Wọ́n dúnàádúrà títí di ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ní méjì, Bàbá Ṣéhù ní kò sí rárá. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí ọ̀kan, ti ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ṣòkòtò Ọ̀gbẹ́ni Láníyì ní àpò kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá Ṣéhù léèrè èkejì, á ní, "Àpò òsì wà ní Abaji."

Ọdún mẹ́fà ló fi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ní ọdún keje, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àìsàn àyà dá a dùbúlẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kúbùsù tó ti parí. Ìyá Fuad jókòó tì í.

"Mẹ́sàn-án ló kù," Bàbá Ṣéhù wí.

"Ẹ sinmi. Màá ṣe márùn-ún."

"Mẹ́sàn-án."

"Ó dáa, méje."

"Mẹ́sàn-án, Gàníyátù."

"Mẹ́jọ, kí ẹ sì mu ife ẹ̀kọ yìí tán."

Ìyá Fuad mọ̀ pé mẹ́sàn-án náà ni yóò jẹ́. Kò sẹ́ni tó dúnàádúrà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó borí rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣì ń dúnàádúrà, ọkọ òun ṣì wà. Ó fà á dé àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó gbà. Bàbá Ṣéhù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "Yauwa." Ọjọ́ Jímọ̀ ló fi ayé sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé e tán, Ọ̀gbẹ́ni Láníyì wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, tiyín náà ò ní àpò." Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Fuad ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó tú àpò àgékù sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò tó kúbùsù méjì. Nọ́ọ̀sì Ummulkhulthum ti pè é láti kí i kú ọ̀fọ̀, kò sì mẹ́nu kan kúbùsù, ṣùgbọ́n ó fẹnu kan án pé ọyẹ́ ọdún yìí fẹ́ tètè dé. Ikú ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń ba Ìyá Fuad lẹ́rù mọ́, ìlérí náà ni. Ta ni yóò gbé aṣọ wá fún télọ̀ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ?

Ibẹ̀ ló wà tí Ọ̀gbẹ́ni Láníyì fi wọlé pẹ̀lú ìdì gíní lábẹ́ abíyá. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, eruku ọyẹ́ tó tètè dé sì ti sọ ojúgun gbogbo wọn di funfun.

"Ìyá Fuad, ẹ bá wa rán an."

Ìyá Fuad mú téèpù ọkọ rẹ̀ kọ́rùn. "Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó gùn tó, ọ̀gá?"

"Ibi tí Bàbá máa ń gé e sí."

"Ibẹ̀ kúrú o."

"Ó kúrú díẹ̀."

Ìyá Fuad rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Ó fi etí téèpù nu ojú, ó gbé síṣọ́ọ̀sì. "Àpò ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò tó wọ̀, níbi tí kò ti bá àpò kankan láti ọdún mélòó kan wá, ó sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹ rán ti ọ̀tún nìkan."